Sí Ràmátù ní Savalou, Lórí Ọ̀rọ̀ Tí Kì í Dúró Lẹ́nu Àwọn Ọmọ Kíláàsì Rẹ̀

Bantè, ọjọ́ Àìkú

Ràmátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi àtàtà,

Ìwé rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lánàá. Awakọ̀ tó máa ń ná Savalou sí Bantè ló fà á lé bàbá rẹ lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀, bàbá rẹ sì gbé e wálé láì já a. Ó ní kí n máa kà á sókè kí òun máa gbọ́, nítorí ojú rẹ̀ kò fẹ́ràn ìwé wẹ́wẹ́ mọ́. A dúpẹ́ pé àlàáfíà lo wà, pé ìyá onílé rẹ fẹ́ràn rẹ, àti pé o ti rí ẹni tó ń ta wàrà nítòsí ilé-ìwé. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ti wàrà yẹn. Ó ní ìwọ ò tíì yí padà.

Apá kejì ìwé rẹ ni kò pa wá lẹ́rìn-ín. O ní àwọn ọmọ náà máa ń pe ọ̀rọ̀ Faransé tẹ̀lé ọ ketekete, gbogbo kíláàsì a máa dún, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́, tó o bá bi wọ́n léèrè, ńṣe ni wọ́n máa ń wò ọ́ bíi pé o ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí wọn rí. O ní o ti tún un sọ títí ọ̀fun ń dùn ọ́. O wá ní ọ̀gá ilé-ìwé yín ti pè ọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fa eegun màlúù kan tí wọ́n so okùn mọ́ lé ọ lọ́wọ́, pé kó o máa gbé e kọ́ ọrùn ọmọ tó bá ti sọ èdè ilé, ìbáà ṣe Máhì tàbí Ìṣà, nínú kíláàsì, kí ọmọ náà sì máa gbé e kiri títí ẹlòmíràn yóò fi ṣì í sọ. Ó ní ohun tó jẹ́ kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun gbọ́ Faransé nìyẹn. Ó fún ọ títí di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. O sì bi mí pé, Màmá, ṣé kí n ṣe é?

Mo mọ̀ pé ìdáhùn kúkúrú lò ń retí, torí o fi ilà sí abẹ́ ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ní sùúrù fún mi. Mo ti jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé láti àárọ̀, bàbá rẹ ti lọ sí oko káṣú, kò sì sí ẹni tó máa pè mí. Jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní Pira fún ọ.

Pira ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ nígbà tí mo gba iṣẹ́ olùkọ́, kí n tó fẹ́ bàbá rẹ. Ọ̀gá wa níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, ó máa ń tètè dé ju gbogbo wa lọ, tí ọmọ kan bá sì ń ṣàìsàn, òun gan-an ló máa ń bẹ ilé wọn wò. Ṣùgbọ́n ó gbà pé Faransé kì í wọ inú ọmọ tí èdè ilé bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Eegun wà ní ilé-ìwé tiwa náà. Mo bá a níbẹ̀ ni. Tí ọmọ kan bá ti sọ Ìṣà, ẹni tí eegun wà lọ́rùn rẹ̀ yóò sáré wá gbé e kọ́ ọ, àwọn tó kù yóò máa pariwo. Ẹni tí ó bá sì gbé e sùn, òun ni yóò gbá ọgbà ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọmọ aránṣọ kan wà ní kíláàsì mi, Àfúsá lorúkọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó sì béèrè omi lọ́wọ́ mi ní Ìṣà. Eegun bọ́ sí i lọ́rùn, ó gbé e relé, ó sì gbálẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò la ẹnu rẹ̀ mọ́ nínú kíláàsì. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, á dìde, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí n ó fi ní kó jókòó. Àwọn olùkọ́ yòókù ní orí rẹ̀ ò pé. Èmi ò mọ ohun tí mo lè rò, nítorí tí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ tó ń bá àwọn oníbàárà ná owó aṣọ, tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, tí gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín.

Lásìkò ọyẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń kọ́ wọn ní orúkọ ẹranko. Ìwé tí wọ́n fún wa ní àwòrán ìkookò àti àwọn ẹranko onírun ilẹ̀ òtútù tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Mo ń nà án sókè, mò ń pè é, wọ́n ń pè é tẹ̀lé mi. Àfúsá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo rí i tó di ìjókòó mú, mo rí òógùn lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ òtútù mú gan-an. Mo bi í ní Faransé pé kí ló ń ṣe é. Ó gbọn orí. Mo padà sórí ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí mo tún wo ibẹ̀, ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo lọ bá a, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì fi Ìṣà bi í létí pé, "Àfúsá, kí ló ń dùn ọ́?"

Ó kọ́kọ́ wo ọmọ tí eegun wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Àkeekèé ni."

Ó ti ta á lẹ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, Ràmátù. Kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Faransé, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń pa ìrora náà mọ́ra, nígbà tí èmi ń kọ́ ọ ní orúkọ ìkookò.

Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló gbé e sórí alùpùpù rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú, èmi jókòó sẹ́yìn mo dì í mú. Ọlọ́run ṣàánú, ó yè é. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ wá. A rò pé yóò wá bá wa jà ni, ṣùgbọ́n kò pariwo rárá. Ó kí ọ̀gá wa, ó kí mi, ó jókòó, ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, mo fi ọmọ mi ránṣẹ́ síbí kó lè ní ẹnu kún ẹnu tó ní. Ẹnu tó gbé wá láti ilé, kí ló dé tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó ní òun fẹ́ mú un lọ kó wá máa ran òun lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọ̀gá wa dìde. Ó lọ sí kíláàsì mi, ó bọ́ eegun náà lọ́rùn ọmọ tó gbé e, ó sì ti eegun náà mọ́ inú àpótí rẹ̀. Ó bẹ bàbá Àfúsá pé kó fi ọmọ náà sílẹ̀ títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ wá ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ Faransé o, torí kò sí ẹni tó máa fi Ìṣà ṣe ìdánwò fún wọn."

Òótọ́ ni ọ̀gá wa sọ níbẹ̀, òótọ́ náà sì ni bàbá Àfúsá sọ. Láàárín òótọ́ méjèèjì yìí ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí lójú ọ̀nà nìyí. Mo ti gbìyànjú láti tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ mí, n ó máa yà kiri.

Èkíní, kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tó ti mọ̀. Kó o tó kọ ọ̀rọ̀ Faransé kankan sára pátákó, jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ ohun tí wọ́n ń pe nǹkan náà nílé. Ọmọ kì í wá sílé-ìwé lófo. Ó ti mọ iṣu, ó ti mọ ajá, ó mọ ìbẹ̀rù, ó mọ ìlara. Orúkọ tuntun ni kò ní. Tó o bá jẹ́ kó gbé orúkọ àtijọ́ jáde, orúkọ tuntun á rí ibi jókòó sí. Tìrẹ le díẹ̀ ju tèmi lọ, nítorí Máhì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ní Savalou ń sọ, ìwọ ò sì gbọ́ ju ìkíni àti ọjà rírà lọ. Má jẹ́ kí ìyẹn tì ọ́ lójú. Ní kí wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n á fi ohùn rẹ ṣe ẹ̀rín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó bá ti rí olùkọ́ rẹ̀ tó ń ṣi ọ̀rọ̀ pè tí kò sì kú, òun náà kò ní bẹ̀rù àtiṣi ọ̀rọ̀ pè.

Èkejì, nǹkan kí ó ṣáájú, kí orúkọ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àkeekèé yẹn, mo pa ìwé aláwòrán ìkookò yẹn dé. Mo kó àwọn ọmọ lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, a kọ ebè, a gbin iṣu. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ ló máa pe orúkọ ọkọ́, ẹni tó bá ń ri iṣu mọ́lẹ̀ ló máa sọ ohun tó ń ṣe. Kò sí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, torí pé ọwọ́ wọn ti dọ̀tí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe ni, jẹ́ kí wọ́n ṣe é: kí wọ́n ti àga, kí wọ́n fa okùn, kí wọ́n fò. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fọwọ́ kàn, bí ìtìjú, bí àánú, bí ìlérí. Fún irú ìyẹn, ìtàn kúkúrú kan nípa ẹni tó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ dára ju àlàyé gígùn lọ. Sọ ìtàn náà, dúró, kó o ní, ohun tó ṣe yẹn, báyìí là ń pè é.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ọ̀rọ̀ náà má pọ̀. O kọ sí mi pé o máa ń fi ọ̀rọ̀ kún pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ta ni yóò gbé ìyẹn délé? Mẹ́rin, márùn-ún, ó tó fún ọjọ́ kan. Kó o sì ṣà wọ́n. Bi ara rẹ pé, ọ̀rọ̀ yìí, ṣé ọmọ yìí á tún bá a pàdé lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé á bá a pàdé nínú ìṣirò, nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, nínú ọ̀rọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ ń sọ? Àwọn ọ̀rọ̀ bíi fi wé, ṣàlàyé, yàn, parí, àwọn ni ìdánwò ń lò láti béèrè ohun gbogbo, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í kọ́ wọn nítorí wọ́n rò pé ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Mo ti rí ọmọ tó mọ ìdáhùn dáadáa tó sì kùnà, torí kò mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ọ̀rọ̀ òjò dídì àti ọkọ̀ tí ajá ń fà lè dúró.

Ó tún ku ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, tí mo fi ojú ara mi rí ní Gouka nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní Pira. Má ṣe kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ méjì tó jọra ní ọjọ́ kan náà. Ní Faransé, ohùn díẹ̀ ló ya ẹja àti májèlé sọ́tọ̀: "poisson" àti "poison". Olùkọ́ kan tá a jọ wà níbẹ̀ kọ́ wọn ní méjèèjì pa pọ̀, ó ní kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìyá òun máa ń din májèlé tà lójoojúmọ́, gbogbo ìlú ló sì ń rà á. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn sọ́tọ̀ mọ́ títí ó fi kúrò lọ́wọ́ wa. Ọ̀tún àti òsì náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Kọ́ wọn ní ọ̀kan, jẹ́ kó jinlẹ̀, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kó o wá mú èkejì wá.

Lórí ìgbàgbé tó ń dùn ọ́, òun gan-an ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́. Kò sí ọmọ tí kì í gbàgbé. Bí wọ́n ṣe ń pè é tẹ̀lé ọ kò tíì di ìmọ̀, ohùn rẹ ni wọ́n ń dá padà fún ọ. Ìgbà tí ọmọ bá wá ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, tó tiraka díẹ̀, tó sì rí i, ìgbà náà ló di tirẹ̀. Nítorí náà, dín sísọ kù, kó o sì máa béèrè. Èmi máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì láàárọ̀. Kí ọmọ tó wọlé, yóò fi ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ tó kọjá sọ gbólóhùn kan fún mi. Ó lè jẹ́ gbólóhùn kékeré. Tí kò bá rí i, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ràn án lọ́wọ́, kò sí ìjìyà. Tó bá di lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, mo tún bi wọ́n. Tí oṣù bá parí, mo tún bi wọ́n. Àlàfo náà á máa gùn sí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jinlẹ̀ sí i. Jẹ́ kí wọ́n gbàgbé díẹ̀ kó o tó béèrè. Má fòyà tó o bá rí i tí wọ́n ń ronú.

Má sì fi ọmọ tó ṣì í sọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ kan pe ewúrẹ́ ní màlúù kékeré fún mi rí. Ohun tó ní lọ́wọ́ ló fi ṣe é, ọgbọ́n ló sì lò. Mo kọ́kọ́ yìn ín, kí n tó fún un ní orúkọ ewúrẹ́.

Jẹ́ kí n wá padà sọ́dọ̀ Àfúsá. Nígbà tí a gbin iṣu, ó gbìn ín pẹ̀lú wa, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ Faransé. N kò fi agbára mú un. Ó di ọjọ́ kan tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé ọ̀rọ̀ máa ń ní mọ̀lẹ́bí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, mo ní kí wọ́n wo kọ́, ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́. Wọ́n rí i, ó yà wọ́n lẹ́nu, torí wọn ò wo ọ̀rọ̀ ilé wọn bẹ́ẹ̀ rí. Mo wá ní Faransé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe aṣọ rírán, "couture", sára pátákó. Mo béèrè pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ńkọ́, kí ni a máa pè é? Mo ń retí pé n ó sọ ọ́ fún wọn ni.

Àfúsá na ọwọ́. Mo rò pé ó fẹ́ lọ ìta. Ó dìde, kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Mon père est couturier."

Aránṣọ ni bàbá mi. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ sọ ní Faransé nìyẹn. Mo yí padà sí pátákó, mò ń ṣe bíi pé mo ń wá ẹfun ìkọ̀wé, torí n kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi. Bàbá rẹ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, kò wá mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ tó gbẹ̀yìn tí mo kọ́ kíláàsì yẹn ni mo rò pé ó wúlò jù lọ, bó o bá gbàgbé gbogbo ìyókù, má gbàgbé èyí. Kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí wọn kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà. Àti èmi àti ìwọ, àti ọ̀gá rẹ pàápàá, ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀ pọ̀ ju èyí tí a mọ̀ lọ. Mo máa ń gbé nǹkan kan sẹ́yìn mi, n ó ní kí ẹni tó bá ti rí i ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i, láì dárúkọ rẹ̀: kí ni wọ́n fi ṣe é, ta ló ń lò ó, kí ló ń ṣe? Wọ́n fẹ́ràn eré yìí ju bọ́ọ̀lù lọ nígbà òjò. Tí a bá sì ń kàwé tí a bá ọ̀rọ̀ àjèjì pàdé, n kì í tètè túmọ̀ rẹ̀. N ó ní kí wọ́n wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n rò ó.

Nígbà tí Àfúsá lọ ṣe ìdánwò ìparí ilé-ìwé kékeré, mo tẹ̀ lé wọn lọ, mo dúró sẹ́bàá fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè àfẹnusọ. Ọkùnrin tó ń bi wọ́n jẹ́ àlejò, ojú rẹ̀ le. Ó nawọ́ àwòrán kan sí i pé kó pe orúkọ rẹ̀. Owú alágbẹ̀dẹ ni. N kò kọ́ wọn ní orúkọ yẹn rí. Inú mi bà jẹ́, mo rántí eegun, mo rántí bó ṣe máa ń wolẹ̀.

Àfúsá wo àwòrán náà dáadáa. Ó wá sọ ọ́ ní Faransé, jẹ́jẹ́, pé òun kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n irin ńlá ni, orí rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ máa ń gbé irin gbígbóná lé tó fi ń lù ú títí á fi di ọkọ́. Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní àtisọ ọ́ báyìí?" Àfúsá dárúkọ mi. Ọkùnrin náà fún un ní orúkọ owú, ó ní kó tún un pè, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀ bí ẹni tí ìdáhùn náà tẹ́ lọ́rùn. Ó yege. Bàbá rẹ̀ rán búbá kan fún mi, kò gba owó, aṣọ tó wà nínú àpótí mi tí o máa ń yá wọ̀ nígbà tó o wà ní kékeré nìyẹn. Àfúsá ń gbẹ̀bí ní Lougba báyìí, ó ní ọmọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eegun ọ̀gá rẹ ló wá kù. Ìdáhùn mi ni pé rárá, má ṣe é. Ṣùgbọ́n bó o ṣe máa kọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì. Má kọ̀ ọ́ níwájú àwọn olùkọ́ tó kù, má sì kọ̀ ọ́ nínú ìwé. Lọ bá a ní òun nìkan kí ọjọ́ Ajé tó dé. Kúnlẹ̀ kí i, ó tó bàbá rẹ. Má sọ pé ohun tó ṣe ò dára, torí òun náà ti gbé eegun yẹn lọ́rùn nígbà tó wà lọ́mọdé, ó dájú, ó sì lè jẹ́ pé ó ń dùn ún títí di òní. Sọ fún un pé ohun tó ń wá ni ìwọ náà ń wá, pé kí àwọn ọmọ gbọ́ Faransé. Bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ ní àyè títí di ìsinmi, kó o fi ọ̀nà mìíràn gbìyànjú, kó sì wá gbọ́ wọn fúnra rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ ní àárọ̀ tó bá wù ú.

Ó lè gbà. Ó sì lè má gbà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ṣì tuntun, pé ọ̀rọ̀ tó bá kọ nípa rẹ ni àwọn àgbà yóò kà kí wọ́n tó fi ìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Ó ronú sí i, ó ní tí wọ́n bá tìtorí rẹ̀ gbé ọ lọ sí abúlé tí alùpùpù kò dé, òun yóò fẹsẹ̀ rìn wá kí ọ níbẹ̀. Èmi náà á wá. Má fi eegun kọ́ ọrùn ọmọ ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́.

A fi iṣu díẹ̀ àti gààrí ránṣẹ́ pẹ̀lú awakọ̀ náà. Fún ìyá onílé rẹ nínú rẹ̀. Máa sùn dáadáa, má máa jí kàwé kọjá bó ṣe yẹ, má sì gbàgbé ìrun rẹ. Kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ tó yẹ sí ọ lẹ́nu nígbà tó o bá dúró níwájú ọ̀gá rẹ.

Tó o bá máa kọ̀wé sí mi padà, mo bẹ̀ ọ́, má tún sọ ohun tí àwọn ọmọ náà gbàgbé fún mi. Yan ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ nínú wọn. Sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ àti iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ ń ṣe. Lẹ́yìn náà, bó bá tiẹ̀ pẹ́ títí di ìgbà òjò, kọ ohun tó kọ́kọ́ sọ ránṣẹ́ sí mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, àti àṣìṣe inú rẹ̀.

Èmi ni màmá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.